Omi Máṣíìnì Ló Ba Ojú Mi Jẹ́, Kì Í Ṣe Ọtí

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé Ráfíátù ìyàwó Làmídì mutí títí ojú rẹ̀ fi fọ́, irọ́ ló ń pa, ẹ sì bá mi sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé irọ́ ló pa. N kò fẹnu kan ọtí rí láyé mi títí di ọjọ́ tí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún mi, ọtí ọjọ́ náà gan-an ni kò sì jẹ́ kí wọ́n sin mí. Ohun tó ba ojú mi jẹ́, ara aṣọ ló gbà wọ inú mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bá mi fi oyin sí i.

N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ṣì wà lọ́jà. Àwọn tó ń kun àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Tampouy, ní Wagadúgù níbí, ń fi í po vánísì, àwọn mìíràn ń fi í fọ irin tí gírísì ti bò, mo sì mọ ilé tí wọ́n ti ń fi í dáná tíì. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ níbi tí mo ti ń kọjá, mo máa ń dúró, mo máa ń pariwo, àwọn kan sì ń pè mí ní wèrè. Wèrè tó gbọ́n ni mí. Ẹ gbọ́.

Kùmásí ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni bàbá mi ń tà níbẹ̀ kí ìjọba Gánà tó ní kí àjèjì kó ẹrù rẹ̀. Àwọn kan nínú wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi kó wa gòkè wá sí Wagadúgù, sí Hamdalaye, níbi tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń ṣòwò. Ibẹ̀ ni mo ti lọ sí iléèwé Faransé, tí mo kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé. Làmídì tó fẹ́ mi ń ta páàtì mótò ní Tampouy. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń bẹ̀rù ju bó ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Nígbà yẹn, "Ẹ̀gbọ́n" ni èmi náà ń pe ọkùnrin náà, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti ń kí i. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni mo ń pè. Bùráímọ̀.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun gba ìjọba, tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ Ìyípadà tirẹ̀. Wọ́n ní kí obìnrin jáde kúrò nídìí ààrò. Ẹ má rò pé Ìyípadà ni mo fẹ́ bú. Àwọn ló gún ọmọ mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa, àwọn ló kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni lẹ́yìn tí irun orí wọn ti funfun. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ń wá ẹni tó mọ̀wé tẹ̀, mo lọ, wọ́n sì gbà mí. Bùráímọ̀ ní obìnrin tó bá ń jókòó ní bíró láàárín àwọn ọkùnrin, ìhòòhò ló wà. Ọkọ mi tẹrí ba fún un. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní kámárádì Rasmané ni olórí bíró náà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ku ẹ̀yin méjì nínú yàrá, ẹ ó rí i pé ohùn yẹn nìkan ló ní.

Máṣíìnì kan wà níbẹ̀ tí a fi ń sọ ìwé kan di púpọ̀. Èmi á kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò, n ó so bébà náà mọ́ ara rógódó máṣíìnì, n ó da omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n ó wá máa fi ọwọ́ yí i. Bí mo ṣe ń yí i, ìwé á máa jáde, yóò tutù díẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì máa rùn bí ilé abẹ́rẹ́. Ìwé ìpàdé, ìwé ìmọ́tótó, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn àgbà ní a-b-d, èmi ni mo yí gbogbo rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọdé tiẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbé e símú.

Omi yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó mọ́ gaara bí omi tí à ń mu. Bí ó bá kan ọwọ́, ó tutù, kí o sì tó wò ó lẹ́ẹ̀kejì ó ti gbẹ. Kò ta ni lára, kò bó awọ, kò sì rùn burúkú. Ohun tó ń tanni jẹ nípa rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń jó ní ọ̀sán gangan, ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí iná rẹ̀. Òun ni a fi ń fọ àwọ̀ elésè àlùkò kúrò ní ìka wa, nítorí ọṣẹ kì í mú un. Àwòrán eegun orí wà lára agolo rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, Rasmané rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó tó ń tà á ló fi ń dẹ́rù bà wá kí a má baà mọ bí a ṣe lè pò ó fúnra wa.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àwọn ìwé tutù náà. Rasmané fi ìṣó kan fèrèsé méjèèjì pa, ó fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Bí ìwé kan bá sì jẹ́ ti ìpàdé ńlá, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé wá kà á kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí mo bá jáde síta tí mo mí dáadáa, yóò rọlẹ̀.

Mo sọ fún un. Mo ní, "Kámárádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣí fèrèsé kan. Òórùn yìí ń fọ́ mi lórí."

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń jalè. "Ráfíátù, àwọn obìnrin oko ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́ kànga, ìwọ tó jókòó lábẹ́ òrùlé ń sọ̀rọ̀ orí fífọ́. Ìwà àwọn olówó nìyẹn. A kò fẹ́ ẹ níbí."

Ojú tì mí. Ẹ wò ó, èmi ni ojú tì.

Ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀, ìpàdé ńlá ń bọ̀, ìwé tí mo ní láti yí pọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gun mótò rẹ̀ lọ. Mo gbé agolo tuntun kí n lè da omi sínú máṣíìnì, ọwọ́ mi yọ̀, ó sì dà sí mi láti ikùn títí dé inú bàtà. Ìró mi rin gbingbin, tòbí abẹ́ rẹ̀ rin. Ó tutù débi pé mo pariwo. Mo kan ilẹ̀kùn, mo pe ẹni tí mo bá lè pè. Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo fún ìró náà bí aṣọ tí a fọ̀, mo tún un ró, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí Rasmané padà dé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Ó kó ìwé, ó fi Faransé sí i, ó ní, "Dákọ́, ó dára."

Mo rò pé nǹkan tó bá ti gbẹ ti tán. Kò gbẹ o. Ara mi ló mu ún.

Ní ọjọ́ kejì, ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo lọ sí ọjà ńlá Rood Woko láti ra òwú, èébì gbé mi níwájú àwọn aláṣọ, ìyá kan tó ń tà níbẹ̀ fi èdè Mọọré kí mi kú oríire. Gbogbo ènìyàn rò pé oyún ni. Ọkọ mi gan-an gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Àrùn yìí máa ń fún ni ní ọjọ́ kan tí èèyàn á fi rò pé kò sí nǹkan. Ẹ rántí èyí, nítorí ọjọ́ yẹn ni ó yẹ kí ẹ ti wà lọ́dọ̀ dókítà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo la ojú, gbogbo nǹkan funfun. Kì í ṣe òkùnkùn. Funfun ni, bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà Wahigúyà tí ọkọ̀ kò rí iwájú.

Mo ní, "Bàbá Síkírù, kí ló ń jó? Èéfín kún inú yàrá."

Ọkọ mi ní, "Èéfín wo?"

"Ẹ ò rí i ni?"

Mo gbọ́ bó ṣe gbé ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, afẹ́fẹ́ ọwọ́ náà kàn mí lójú, ṣùgbọ́n n kò rí ọwọ́. Inú mi ń ta bí ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ní ìfun, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tí oòrùn pa.

Bí oògùn ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní ilé kejì wá fún ọmú rẹ̀ sí mi lójú. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún mi ní epo pupa mu, wọ́n fún mi, mo bì í. Ẹlòmíràn mú òrí wá. Lẹ́yìn náà ni Bùráímọ̀ dé pẹ̀lú omi hàǹtú tí wọ́n fi fọ wàláà. Ó fi fọ ojú mi, ó ní kí n mu ìyókù. N kò bá hàǹtú jà, orúkọ Ọlọ́run ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí Bùráímọ̀ sọ lé e ni n kò gbàgbé. Ó ní, "Làmídì, mo sọ fún ọ. Obìnrin tó bá ti kúrò lábẹ́ àṣẹ ọkọ, ojú rẹ̀ ni Ọlọ́run máa ń kọ́kọ́ gbà. Kò sí ẹni tó ń gbé e lọ ibì kan. Kí ó tọrọ àforíjìn." Wọ́n sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi mú.

Ìyá mi ni ẹnìkan lọ sọ fún. Ìyá Kùmásí ni gbogbo Hamdalaye ń pè wọ́n, ọmọlúàbí obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n wọlé, wọ́n fi etí sí àyà mi, wọ́n sì sọ fún ọkọ mi pé, "Gbé mótò rẹ jáde."

"Ìyá, Ẹ̀gbọ́n ní..."

"Mo ní gbé mótò jáde, Làmídì."

Lórí alùpùpù náà, ọkọ mi wà níwájú, èmi wà láàárín, ìyá mi gbá mi mú látẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọsibítù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tò sí ọsibítù rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn ènìyàn kún orí bẹ́ǹṣì, wọ́n kún ilẹ̀, ọmọdé ń sunkún, ẹni tó ń ṣàìsàn jù kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì kan wò mí. Mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, mo ń mí gùlegùle, èébì wà lára mi. Ó sọ ọ́ sókè ní èdè Faransé kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: "Eléyìí ti mutí yó." Ó ní kí a padà sẹ́yìn, kí àwọn tí kò fi ọwọ́ ara wọn fa àìsàn kọ́kọ́ kọjá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín náà láàárín ìfunfun yẹn, n kò mọ ẹni tó ń rín in, mo sì ń bá gbogbo wọn bínú lọ títí dòní.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi kò mutí rí."

Nọ́ọ̀sì ní, "Gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀, màmá."

Oòrùn ti rékọjá àtàrí kí dókítà kan tó ń lọ tó kọsẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi. Obìnrin ni, mo gbọ́ ọ ní ohùn rẹ̀ pé kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó tọrọ gáfárà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ mi sókè. Ọwọ́ mi ló ń wò.

"Kí ni àwọ̀ yìí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ni. Mo ń yí ìwé ní bíró."

"Máṣíìnì tó ń lo alukóólù? Ó dà sí ọ lára?"

"Ó dà sí mi lára níjẹta. Aṣọ mi rin."

"O bọ́ ọ? O fi omi àti ọṣẹ fọ ara?"

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ó sọ gbólóhùn kan tí n kò lè kọ síhìn-ín, kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ sí. Ó ní kí ọkọ mi sáré lọ mú agolo omi náà wá. N kò ní fi ẹ̀tọ́ Làmídì dù ú, ó lọ. Rasmané ní ohun ìní ará ìlú ni agolo, kò lè jáde kúrò ní bíró. Ọkọ mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé e. Dókítà ka ara rẹ̀, ó ní mẹ́tánọ̀ọ̀lù ni.

Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, n kò sì gbàgbé. Ó ní omi yìí jọ ọtí, ìbátan ọtí ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ara, yálà ènìyàn mu ún, tàbí ó mí i símú nínú yàrá tí a tì pa, tàbí ó gba awọ ara wọlé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di májèlé díẹ̀díẹ̀. Májèlé náà ló ń jẹ iṣan ojú. Bó bá pẹ́, ó ń pa ènìyàn. Ohun tó lè dá a dúró ni ọtí gidi. Bí ara bá rí ọtí gidi, òun ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ, yóò fi èyí sílẹ̀ kí ó máa bá ìtọ̀ àti èémí jáde.

Ó ní, "Ọtí oògùn tó yẹ kí n fi gún un lábẹ́rẹ́ ti tán níbí. Ẹ lọ ra ọtí líle, onígò, tí wọn kò tíì ṣí. Kì í ṣe ọtí ọkà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bù láti inú ike. Ẹ ṣe kíá, ojú rẹ̀ ń lọ."

Ìgbà náà ni Bùráímọ̀ dé. Ó ti gbọ́ pé a gbé mi jáde láìgba àṣẹ. Dókítà tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un.

"Ọtí?" ni Bùráímọ̀ wí. "Sí ẹnu ìyàwó ilé wa? Làmídì, bí o bá rà á, kí o má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Kí ó kú ní mùsùlùmí sàn ju kí ó yè ní ọ̀mùtí."

Mo ń gbọ́. Orí ilẹ̀ ni mo wà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú mi ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé. Mo ní, "Bàbá Síkírù, ẹ lọ rà á." Mo tún pè é. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń ha ilẹ̀, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, kò sì lọ. Dókítà bú wọn, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n pè é lọ síbi aláìsàn mìíràn, ó padà wá, ó tún bú wọn. Bùráímọ̀ ń ka ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un bí ẹni tó wà lórí mínbárì mọ́sálásí. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gbéra láti lọ rà á ní gbogbo àkókò yẹn.

Nígbà tí n kò gbọ́ ohùn ìyá mi mọ́, mo rò pé wọ́n lọ sunkún ni.

Wọn kò sunkún. Wọ́n ti jáde lọ. Wọ́n dá oní-mótò kan dúró, wọ́n ní kó gbé wọn lọ sí ilé ọtí. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ìyá Kùmásí, tí ìbòrí wọn kì í kúrò lórí, tó jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà wà lọ́rùn ọwọ́ wọn, wọlé sí ilé ọtí ní Tampouy níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ wọ́n. Àwọn tó jókòó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹnìkan ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ fi yìnyín sí i!" Wọ́n ra èyí tó le jù, wọ́n yẹ ìdérí rẹ̀ wò, wọ́n fi Mọọré sọ pé barka, ẹ ṣeun, fún ẹni tó tà á, wọ́n sì fi ìbòrí bò ó.

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá, Bùráímọ̀ na ọwọ́ láti gba ìgò náà. Ohùn ìyá mi kò lọ sókè. Wọ́n ní, "Bùráímọ̀, fọ́ ọ. Bí o bá fọ́ ọ, n ó padà lọ ra òmíràn, n ó gbé e sórí láìbò ó, n ó sì bá iwájú mọ́sálásí yín kọjá ní ìgbà tí ẹ bá ń jáde láti ìrun. Bí Ọlọ́run bá béèrè, èmi ni mo rà á, èmi ni mo fún un. Orúkọ tèmi ni kí o kọ sílẹ̀."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà wọ̀n ọ́n, ó fi omi àti ṣúgà là á. Nígbà tí ife náà dé ètè mi, mo kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un, ẹnu mi pa dé.

Ìyá mi ní, "Sọ pé Bísímílà."

"Ìyá, lórí ọtí?"

"Lórí oògùn. Sọ ọ́, kí o gbé e mì."

Ó jó mi lọ́fun bí ata. Wọ́n ń fún mi, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń fún mi, títí ilẹ̀ fi ṣú tó fi mọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo ń pe bàbá mi tó ti kú. Wọ́n ní mo kọ orin àwọn ọmọdé Kùmásí. Mímí mi rọlẹ̀. Inú mi dákẹ́. Mo yè.

Ìfunfun náà ká kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi, ó ṣẹ́kù ní àárín, ó sì wá dúdú níbẹ̀. Mo bi dókítà pé ìgbà wo ni àárín náà máa là. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní bí mo bá ti tètè dé, bóyá. Ó ní bí ọtí bá ti tètè dé, bóyá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi lè dárúkọ wọn: nọ́ọ̀sì tó dá mi padà sẹ́yìn, Bùráímọ̀ tó ń wàásù lé mi lórí, àti Làmídì tí bàtà rẹ̀ ń ha ilẹ̀.

Rasmané wá sí ọsibítù. Mo rò pé ó wá kí mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé agolo rẹ̀, ó ní, "Ohun ìní ará ìlú." Kò béèrè bóyá laafi, àlàáfíà, ni mo wà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún àdúgbò pé wọ́n yọ mí nítorí mo ń mu alukóólù ìjọba. Orísun irọ́ tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n fi ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Salimata rọ́pò mi. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbé mi, mo ní kí ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú bíró náà, mo gbé àpótí sílẹ̀, mo jókòó. Gbogbo ẹni tó ń wọlé ni mo ń sọ fún. Mo ń ké sí Salimata láti ìta pé, "Jáde! Má fi fọ ọwọ́! Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, fọ́ fèrèsé!" Rasmané ní òun á gbé mi lọ síwájú ilé ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Mo ní kó ṣe kíá, kó tì mí síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ níbẹ̀. Kò gbé mi lọ. Àwọn obìnrin ìgbìmọ̀ ni wọ́n wá mú òòlù lọ́jọ́ kan, tí wọ́n yọ ìṣó àwọn fèrèsé náà níṣojú rẹ̀. Salimata ríran dáadáa títí dòní. Mo fi ìyẹn ṣe owó iṣẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi nǹkan yìí ṣiṣẹ́, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ má fi fọ ọwọ́, ẹ má fi ẹnu fà á nínú rọ́bà, ẹ má fi sínú ìgò omi tí ọmọdé lè mu. Ẹ gbé e jìnnà sí iná. Bí ó bá dà sí yín lára, ẹ bọ́ aṣọ náà síbẹ̀, ìhòòhò kò pa ènìyàn rí, kí ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ ara, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe yín. Ẹ gbé agolo dání. Ẹ má sì gbọ́ tèmi kí ẹ lọ máa mutí nílé pé oògùn ni. Dókítà ló wọ̀n ọ́n fún mi, tí ó jókòó tì mí. Bí ẹ bá wà nínú ìdílé tí ẹnìkan ti ń ṣe bí Ọlọ́run, ẹ má dúró de àṣẹ rẹ̀.

Ìyá mi ti lọ. Ojú mi kò yí padà. Mo ń ṣe ọṣẹ òrí, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. N kò lè kàwé, n kò sì mọ ojú ọmọ-ọmọ mi bí kò ṣe nípa ọwọ́. Làmídì ṣì ni ọkọ mi. Ó ń sìn mí dáadáa, a kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Bùráímọ̀ wá bá mi nígbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Bí àṣà, ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ó kó obì wá, ó jókòó, ó ní, "Ìyá Síkírù, ohunkóhun tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, mọ̀ọ́mọ̀ àti àìmọ̀, dárí jì mí nítorí Ọlọ́run."

Mo ní, "Dárúkọ rẹ̀."

"Kí ni?"

"Ohun tí o ṣe. Fi ẹnu ara rẹ dárúkọ rẹ̀, n ó sì dárí jì ọ́ lójú ẹsẹ̀."

Ọkọ mi ń bẹ̀ mí. Mo dúró, mo dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí Bùráímọ̀ dìde, tí ó gbọn agbádá rẹ̀, tí ó lọ. Ó dé Mẹ́kà, ó sì bọ̀ ní àlàáfíà. Kò tíì dárúkọ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Bó bá ń kọjá lọ sí ìrun, mo máa ń rí etí agbádá funfun rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú mi, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni mo ń rí. N ó wá yí ojú mi sí i tààrà, kó bọ́ sí àárín níbi tó dúdú, kí n má baà rí i mọ́.